Ta Ni Bàbá Galínà?

Ìbíyẹmí ń bẹ̀rù lẹ́tà. Ó ń bẹ̀rù fóònù tí kò bá gbé orúkọ jáde. Ó ń bẹ̀rù ẹni tó bá wọ aṣọ iṣẹ́ tó sì mú ìwé dání. Kódà ohùn tó máa ń sọ̀rọ̀ nínú bọ́ọ̀sì ń bà á lẹ́rù, nítorí kò mọ ẹni tí ohùn náà ń bá wí. Ọdún kọkàndínlógún rèé tó ti ń gbé Thames View, àdúgbò kan nílùú òyìnbó, lókè téńté ilé, bẹ́ẹ̀ ó ṣì máa ń yọjú wo inú ihò ilẹ̀kùn kó tó ṣí i fún ọmọ bíbí inú rẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ohun tó ti bà á lẹ́rù rí, kò sí èyí tó tó ìwé olójú ewé mọ́kànlá tó wà lórí tábìlì ìdáná rẹ̀ lọ́sẹ̀ yẹn. Bẹ́ẹ̀ òun fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́.

Ìtàn ni. Ìwé mẹ́fà péré ni Ìbíyẹmí kà, ilé ìdáná ilé ìwé kan lẹ́bàá Parsloes ló sì ti ń bu oúnjẹ fún àwọn ọmọdé. Moṣọpẹ́, ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ń ṣe nọ́ọ̀sì, ló fà á lọ́wọ́ lọ sí ẹgbẹ́ àwọn tó ń kọ ìtàn, tí wọ́n ń pàdé ní ilé ìkàwé Barking láàárọ̀ gbogbo ọjọ́ Sátidé. Èdè tó bá wu oníkálukú ló fi ń kọ tirẹ̀. Ẹni tó bá kọ Yorùbá, Yorùbá ni yóò kà, ẹnìkan á sì máa túmọ̀ rẹ̀ tẹ̀ lé e. Oṣù mẹ́ta ni Ìbíyẹmí fi jókòó sẹ́yìn láìla ẹnu. Ọjọ́ tó wá máa là á, ẹ̀rín ló fi là á.

Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ bó ṣe rí. Bàbá òyìnbó kan wà nínú ẹgbẹ́ náà tó ń jẹ́ Seth, tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ṣíṣe ọkọ̀ ní Dagenham. Bàbá jẹ́jẹ́ ni. Ó kọ ìtàn ìyá àgbà kan, Yorùbá, ọmọ Ìjẹ̀bú, tó ń ránṣọ. Ìtàn náà dùn. Ibi tó ti dárúkọ ìyá ni nǹkan ti dàrú: Kofi Chukwuma ló pè é! Ọkùnrin Gánà gun ọkùnrin Ìgbò lẹ́jìká, àwọn méjèèjì wá jókòó lé arúgbó obìnrin Ìjẹ̀bú kan ṣoṣo lórí. Ẹ̀rín ru nínú Ìbíyẹmí bí ẹ̀wà tó hó dànù sórí iná. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi yọ̀ kúrò lórí àga, ó tún wà nílẹ̀ tó ń rín in. Nígbà tó máa fi gbójú sókè, etí Seth ti pọ́n bí ata rodo. Bàbá ká ìwé rẹ̀, ó wọ kóòtù, ó lọ. Sátidé kejì, kò wá. Sátidé kẹta, àga rẹ̀ ṣófo.

Wàyí o, ó ti kan Ìbíyẹmí láti ka tirẹ̀. Ará Rọ́ṣíà sì ni obìnrin inú ìtàn rẹ̀. Ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀.

"Mọ́mì, nínú gbogbo ayé, kí ló gbé yín dé Rọ́ṣíà?" Moṣọpẹ́ bi í ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, nígbà tó kù bí ọ̀sẹ̀ kan kí Sátidé tó máa kà á pé.

"Ìbẹ̀rù ni," ni Ìbíyẹmí wí. "Bí mo bá kọ ọ́ ní ará Èkìtì, àwọn ará ìjọ á ní àwọn ni mò ń bá wí. Bí mo bá kọ ọ́ ní Ẹ̀gbá, ẹbí bàbá rẹ á pè mí lórí fóònù. Mo wá ìlú tí n kò ti mọ ẹyọ ẹnì kan."

Moṣọpẹ́ fà á gbà, ó kà á tán lórí ìdúró. Ìtàn obìnrin kan ni, tó dé Thames View láti Rọ́ṣíà ní àkókò òtútù pẹ̀lú àpótí kan ṣoṣo. Ará òkè rẹ̀, ìyẹn ẹni tó ń gbé lókè yàrá rẹ̀, ń sá fún un nítorí pé kì í rẹ́rìn-ín, títí di ọjọ́ tí líìfìtì há mọ́ àwọn méjèèjì.

"Ó dùn, Mọ́mì! Mi ò purọ́ fún yín, ó dùn gan-an. Kí wá lorúkọ ẹ̀?"

"Orúkọ ta?"

"Obìnrin yẹn."

"Ìyá Dávídì."

"Ìyá Dávídì kì í ṣe orúkọ!"

"Kí ló wá jẹ́? Ṣé òun kọ́ ló bí Dávídì ni? Ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin ni, kí n wá máa pe orúkọ mọ́ ọn lórí? Ṣé ẹgbẹ́ mi ni?"

"Mọ́mì, ẹ̀yin lẹ dá a sílẹ̀! Ẹ̀yin lẹ bí i!"

"Mo bí i," ni Ìbíyẹmí wí, "ṣùgbọ́n ó jù mí lọ."

Moṣọpẹ́ di ògiri mú kó má baà ṣubú. Nígbà tí ẹ̀rín dá a sílẹ̀, ó ní àwọn òyìnbó inú ẹgbẹ́ ò ní gbà, pé wọ́n á ní obìnrin Rọ́ṣíà wo ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó fa fóònù yọ, ó ní òun á rí ogún orúkọ kí omi tíì tó hó.

"Gbé e sílẹ̀," ni ìyá rẹ̀ wí. "Ta ló sọ fún Seth pé obìnrin Ìjẹ̀bú ń jẹ́ Kofi? Ṣé kì í ṣe fóònù ni? Ènìyàn ẹlẹ́ran ara ni mo fẹ́ bi léèrè."

Ẹlẹ́ran ara náà kò jìnnà. Ní ìjọ Aládùúrà tí Ìbíyẹmí ń lọ ní Rippleside, àgbà kan wà tó ń jẹ́ Bàbá Gbádégẹṣin. Nígbà èwe rẹ̀, Rọ́ṣíà ló ti lọ kàwé nípa ẹ̀rọ, kò sì sí ẹ̀rí tó máa jẹ́ nínú ìjọ tí Mọ́síkò, olú ìlú Rọ́ṣíà, kò ní yọjú níbẹ̀. Bó bá ń dúpẹ́ pé ẹsẹ̀ tó ń ro òun ti san, á gba Mọ́síkò kọjá kó tó dé orúnkún.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn ìsìn, Ìbíyẹmí bá òun àti ìyàwó rẹ̀, Màmá Magdalene, nínú yàrá ẹ̀yìn. Aṣọ funfun ṣì wà lọ́rùn wọn, ẹsẹ̀ lásán ni wọ́n wà, Màmá ń bó ọsàn. Ìbíyẹmí kúnlẹ̀. Moṣọpẹ́ dúró tì í, ó ti ń pa ẹnu mọ́ ẹ̀rín.

"Ẹ kú iṣẹ́ Olúwa, sà. Ẹ jọ̀ọ́, sà, mo ń wá orúkọ fún obìnrin Rọ́ṣíà kan."

"Níbo ló wà?" ni Bàbá bi í.

"Inú ìwé ni, sà. Ìtàn ni."

"Ọmọ ọdún mélòó?"

"Méjìdínláàádọ́rin, sà."

"Ta ni bàbá rẹ̀?"

Ìbíyẹmí wo Moṣọpẹ́. Moṣọpẹ́ wo òrùlé.

"N kò mọ̀, sà."

"Háà! O bímọ, ọmọ pé méjìdínláàádọ́rin, o ò mọ bàbá rẹ̀?"

Ọsàn bọ́ lọ́wọ́ Màmá Magdalene. "Ìbíyẹmí! Nínú ilé Olúwa!"

"Ẹ gbọ́ ná," ni Bàbá wí, ó sì jókòó dáadáa, nítorí ó ti dé ilẹ̀ rẹ̀. "Àwa, orúkọ ọmọ la fi ń bọ̀wọ̀ fún àgbà. Ìwọ, Ìyá Moṣọpẹ́. Èmi, Bàbá Pamílẹ́rìn. Ní Rọ́ṣíà, orúkọ bàbá ni. Wọ́n á pe orúkọ rẹ, wọ́n á wá gbé orúkọ bàbá rẹ tì í lẹ́yìn. Nígbà tí mo wà ní Mọ́síkò, bí o bá pe orúkọ àgbà ní gbọnrangandan, tí o kò mú bàbá rẹ̀ dání, ó dà bí ìgbà tí o na ọwọ́ òsì sí i. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Wá bàbá fún un!"

Wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í wá bàbá. Màmá Magdalene ní kó jẹ́ káfíńtà, torí ó jọ pé ọwọ́ obìnrin náà le. Moṣọpẹ́ ní kó máa wa ọkọ̀ ojú irin. Ìbíyẹmí ní iṣẹ́ tó bá wù wọ́n ni kí wọ́n fún un, ẹ jọ̀ọ́, kó ṣáà má jẹ́ ṣọ́jà. Wọ́n ń já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ra wọn lẹ́nu, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ti fún bàbá náà ní irùngbọ̀n àti ewúrẹ́ méjì, nígbà tí Bàbá Gbádégẹṣin di ojú, tó gbé orí sẹ́yìn.

"Galínà," ló wí. Ohùn rẹ̀ rọ̀ bí òrí tí wọ́n gbé sóòrùn. "Galínà Sitẹpánófínà."

Ojú gbogbo wọn yí sí i.

"Sitẹpán ni bàbá rẹ̀," ni Bàbá ń bá a lọ, kò tíì lajú. "Sítéfánù tiwa náà ni."

Màmá Magdalene gbé ọ̀bẹ ọsàn sílẹ̀. Jẹ́jẹ́ ló gbé e. Ìyẹn gan-an ló ba Ìbíyẹmí lẹ́rù.

"Bàbá Pamílẹ́rìn."

"Hẹ̀n-ẹ́n?"

"Ta ni bàbá Galínà?"

"Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ọ́ tán. Sitẹpán."

"Ẹ mọ bàbá Galínà. Ó dáa. Ta ni bàbá tèmi?"

Bàbá lajú. "Bàbá ni. Bàbá... Bàbá Ìlárá."

"Ìlú ni Ìlárá. Kí lorúkọ bàbá mi?"

"Ṣé èmi á máa pe orúkọ bàbá ìyàwó mi ni? Bàbá ni mo ń pè wọ́n títí wọ́n fi lọ!"

Òótọ́ ló sọ. Láti ọdún mọ́kànlélógójì tó ti fẹ́ ẹ, ẹnu rẹ̀ kò dárúkọ àna rẹ̀ rí. Ọ̀wọ̀ ni. Àmọ́ nígbà tó wá fẹ́ dá a yìí, orúkọ kò sí lórí ahọ́n mọ́.

"Ọdún mọ́kànlélógójì," ni Màmá wí. "Wọn ò mọ bàbá mi. Wọ́n mọ bàbá Galínà." Ó kọjú sí Ìbíyẹmí. "Ìwọ. Mò ń bọ̀ ní Sátidé. Iwájú ni màá jókòó sí. Bí mo bá gbọ́ orúkọ yẹn lẹ́nu rẹ, màá dìde níṣojú gbogbo wọn."

Ọ̀sẹ̀ yẹn, Pamílẹ́rìn, ọmọ Bàbá Gbádégẹṣin tó jẹ́ ọ̀rẹ́ Moṣọpẹ́, kò jẹ́ kí ìròyìn wọ́n Ìbíyẹmí àti ọmọ rẹ̀. Ní Mọ́ńdè, ó ní Màmá ti yí oyè bàbá òun padà. "Bàbá Galínà, oúnjẹ ti wà nílẹ̀ o!" "Bàbá Galínà, ẹ bá mi ti fèrèsé!" Ní Túsìdeè, ó ní ojú ń ti bàbá òun láti bi ará ilé léèrè orúkọ àna rẹ̀. Ohun tó mọ̀ kò ju pé inú Bíbélì ni orúkọ náà ti wá, ló bá ṣí Jẹ́nẹ́sísì, ó ń ka orúkọ bọ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ní Ọjọ́rú, ó ti dé ìwé Númérì. Ní Ọjọ́bọ̀, ó gun orí àjà lọ, ó ń tú àpótí, ó sì ń kígbe sílẹ̀ láti òkè pé, "Ṣé Gídéónì ni?" Màmá dáhùn láti ìsàlẹ̀ pé, "Ẹ bi Galínà!"

Ìbíyẹmí kò lè jẹun. Ẹni tí kò sí láyé ló fi ń da ilé àgbà rú yìí! Ṣùgbọ́n bí ẹ̀rù ti ń bà á tó, ẹ̀rín ń bá a jà. Ó ń bu ànàmọ́ gígún sínú àwo ọmọ kan nílé ìwé, ló bá rántí Gídéónì. Òkìtì ànàmọ́ ọmọ yẹn ga débi pé ọmọ náà kò rí ẹ̀yìn rẹ̀ mọ́.

Sátidé pé. Màmá Magdalene ti wà níwájú, báàgì rẹ̀ lórí itan bí adájọ́ tó gbé ìwé òfin. Bàbá kò sí níbẹ̀. Ìbíyẹmí ń wo ilẹ̀kùn, bí ìṣe rẹ̀, ojú rẹ̀ náà ló sì rí i nígbà tí Seth wọlé. Seth! Kò dá wá. Ó di ìyá òyìnbó kékeré kan lọ́wọ́ mú, onífìlà òwú pupa.

"Ará ilé kejì mi nìyí," ni Seth wí fún gbogbo wọn ní èdè òyìnbó. "Olga ni. Mo rí i lára ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri ilé ìkàwé pé ìtàn obìnrin Rọ́ṣíà ni tòní, mo ní kó wá gbọ́ ìtàn ìlú rẹ̀." Ó wá rẹ́rìn-ín músẹ́.

Ìbíyẹmí yẹ ẹ̀rín músẹ́ náà wò bí ẹni tó ń wá egungun nínú ẹja. Kò rí i. Ìyẹn kò ní kó máà sí níbẹ̀.

Jannah, ọ̀dọ́bìnrin tó ń darí ẹgbẹ́, ní kí Ìbíyẹmí bọ́ síwájú. Ó kà, Moṣọpẹ́ ń túmọ̀. Àpótí kan ṣoṣo, wọ́n gbọ́ ọ. Òtútù, wọ́n gbọ́ ọ. Ẹnìkan rẹ́rìn-ín níbi tó yẹ kí wọ́n rẹ́rìn-ín. Ó wá dé inú líìfìtì. Ó kà pé: "Ará òkè bi í pé kí lorúkọ rẹ̀. Obìnrin náà ní, 'Èmi ni...'"

Òfìfo ló wà níbẹ̀. Kò kọ nǹkan kan sí i. Báàgì Màmá Magdalene mì. Seth na ọrùn. Ìyá onífìlà pupa tẹ̀ síwájú lórí àga. Ìbíyẹmí ronú pé bóyá kí òun dákú. Kò tíì dákú rí, kò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é.

Ìgbà yẹn ni ilẹ̀kùn ṣí gbàà.

"Nehemáyà!" Bàbá Gbádégẹṣin ló dé, eruku àjà lórí fìlà, ó ń mí bí ẹni tó sáré láti ibùdókọ̀. "Nehemáyà ni bàbá rẹ! Bí Ẹ́sírà ṣe parí ló yọ sí mi! Inú bọ́ọ̀sì ni mo wà, mo pariwo ẹ̀, dírẹ́bà tẹ bíréèkì lójijì!"

"Ẹ rọra," ni Màmá Magdalene wí, ṣùgbọ́n ó ti ń gbọn eruku fìlà rẹ̀ nù.

"Mo rí eléyìí náà." Ó na fọ́tò kan sí i. Ọ̀dọ́mọkùnrin tín-ínrín kan ló wà níbẹ̀, nínú kóòtù tó gba méjì irú rẹ̀. Arúgbó onígèlè kan dúró tì í, ó gbé ìgbálẹ̀ sọ́wọ́ bí ẹni gbé ìbọn. "Galínà nìyẹn. Òun ló ń ṣọ́ ilé tí àwa akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé. Wọ́n ti lé ní àádọ́rin ọdún nígbà yẹn. Ọjọ́ tí òtútù fẹ́ pa mí, kóòtù ọkọ wọn tó kú ni wọ́n gbé wọ̀ mí. Ta ló máa pe irú ẹni bẹ́ẹ̀ lórúkọ lásán?"

Màmá wo fọ́tò náà títí.

"Ìyá arúgbó yìí lẹ ń fi ohùn yẹn pè?"

"Ohùn ọpẹ́ ni."

Màmá ṣí báàgì, ó ti fọ́tò náà bọ̀ ọ́, ó tì í pa. "Ìbíyẹmí, kà á lọ. Pe ìyá náà bó ṣe yẹ."

Ìbíyẹmí gbé ìwé sókè. Ó ní, "Èmi ni Galínà Sitẹpánófínà."

Moṣọpẹ́ kò tíì túmọ̀ rẹ̀ tí ìyá onífìlà pupa fi kígbe. Nínú gbogbo Yorùbá tí wọ́n ti ń kà láàárọ̀ yìí, kò gbọ́ ẹyọ kan àfi èyí. Ọwọ́ rẹ̀ wà láyà. Ìbíyẹmí wí nínú ọkàn rẹ̀ pé, ó parí, eérú ti dé.

Ṣùgbọ́n ìyá náà bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, òyìnbó rẹ̀ ń kọsẹ̀ bíi ti Ìbíyẹmí gẹ́lẹ́. Ó ní Galínà ni àǹtí òun. Galínà ni tíṣà òun. Gbogbo ìyá irú ọjọ́ orí yẹn ní àdúgbò òun, Galínà ni wọ́n. Ó ní ta ló kọ́ Ìbíyẹmí láti mú orúkọ bàbá mọ́ ọn? Ọdún mẹ́rìnlá tí òun ti wà nílùú yìí, ọ̀dọ̀ dókítà, Olga. Báńkì, Olga. Ọmọ tí eyín rẹ̀ ò tíì gún, Olga!

"Lásán?" Màmá Magdalene ti dìde. "Àgbàlagbà? Ìyá arúgbó?"

"Lásán," ni Moṣọpẹ́ túmọ̀.

"Ayé ti bàjẹ́ o!"

Ìbíyẹmí gbàgbé ẹ̀rù níbi tó gbé e sí. "Mà," ló wí, "ta ni bàbá yín?"

"Pyotr."

"Pétérù tiwa nìyẹn!" ni Bàbá kígbe. "Ólígà Pẹtírófínà!"

Ìbíyẹmí kúnlẹ̀, eékún méjèèjì kanlẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì ilé ìkàwé. "Ólígà Pẹtírófínà, ẹ káàbọ̀, mà." Ìyá náà rẹ́rìn-ín títí fìlà pupa fi ré bọ́.

Nígbà tí ìtàn parí tí wọ́n sì pàtẹ́wọ́ tán, Seth sún mọ́ ọn pẹ̀lú ìwé kíká kan lábẹ́ abíyá. Ìbíyẹmí ti múra sílẹ̀. "Ẹ má bínú, sà," ló wí. "Ẹ̀rín ọjọ́ yẹn, kò yẹ kí n rín in."

Seth ní kò sí nǹkan. Ó ní òun kò bínú, ojú ló ti òun, òun sì ti wà nílé láti ìgbà náà tí òun ń wá orúkọ mìíràn. Ó ní inú fóònù lòun ti rí Kofi.

Ìbíyẹmí yíjú sí Moṣọpẹ́. "Ṣé mo sọ ọ́ àbí n ò sọ ọ́?"

"Ẹ bá mi wá orúkọ fún ìyá inú ìtàn mi," ni Seth bẹ̀ ẹ́. Ó tẹ́ ìwé, ó mú pẹ́ńsù.

Ìbíyẹmí fa àga, ó jókòó. Ó wò yíká ná, nítorí kì í fi nǹkan wewu. Lẹ́yìn náà ló béèrè pé, "Ta ni bàbá rẹ̀?"

Seth yanu. "N kò mọ̀."

"Háà!" ni Bàbá Gbádégẹṣin wí.

Màmá Magdalene ti fa àga tirẹ̀ dé. "Ọjọ́ wo ni wọ́n bí i? Ṣé òjò rọ̀? Ṣé ẹsẹ̀ ló mú wáyé? Ṣé bàbá wà nílé lọ́jọ́ náà àbí ó lọ sí ìrìn àjò? Ta ló kú nínú ẹbí kó tó dé?" Ólígà Pẹtírófínà náà fẹ́ mọ̀ bóyá ìyá náà ní irùn púpọ̀. Òógùn bo Seth. Pẹ́ńsù rẹ̀ ń lọ ń bọ̀ lókè ìwé, kò sì kọ nǹkan kan.

"Mi ò mọ̀," ló ń wí. "Mo kàn dá a sílẹ̀ ni."

Ẹ̀rín tún gbéra nínú ikùn Ìbíyẹmí. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di àga mú ṣinṣin. Ó kọ́kọ́ wo etí Seth. Kò pọ́n. Bàbá òyìnbó náà ti ṣáájú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀rín, èjìká rẹ̀ ń mì tìtì. Ìbíyẹmí bá tú ọwọ́ lára àga.